Ta Ló Ni Ìkúnlẹ̀? Ẹ̀sìn, Àṣà àti Àlejò Ṣíṣe ní Ilẹ̀ Yewa

 

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Hugh Clapperton, gbéra ní Àgbádárìgì, ó dorí kọ ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀nà rẹ̀ la ilẹ̀ Yewa já, Ẹ̀gbádò ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Ọdún 1995 ni orúkọ náà yí padà. Nígbà tí Clapperton dé Ìjànà, tí kò jìnnà sí Ìláròó, ó kọ ohun kan tó yà á lẹ́nu sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Máìlì 60 ni wọ́n ti rìn láàárín ọjọ́ 8. Ẹrù pọ̀, ó wúwo, wọ́n sì ti pààrọ̀ alárùú ní nǹkan bí ìgbà 10. Síbẹ̀, ohun tó tó ṣílè kan kò sọnù nínú ẹrù náà.

Ta ló wàásù fún àwọn alárùú yẹn? Ó ku nǹkan bí ọdún 17 kí míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo agbègbè náà. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé ẹ̀sìn tí òun gbà ló kọ́ àwọn ará Yewa ní òótọ́ inú, kó lọ ka ìwé Clapperton.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé ìwà lọ́tọ̀, ẹ̀sìn lọ́tọ̀, pé àṣà lásán ni ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, ohun ìní Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìláròó àti gbogbo ẹkùn ààlà yìí, tí UNESCO fi sára àwọn iṣẹ́ ọnà ńlá àgbáyé ní 2001. Lóru, Ẹ̀fẹ̀, akọrin rẹ̀, á jáde. Kó tó kọrin bú ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ júbà fún àwọn ìyá, nítorí agbára tó wà lọ́wọ́ wọn lè tún ìlú ṣe, ó sì lè tú u ká. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọkùnrin ló ń gbé ère igi lórí, ó ń jó bí obìnrin. Ṣùgbọ́n aṣọ tó fi di ara rẹ̀ ńkọ́? Ó ti lọ tọrọ gèlè àti ìró lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé kó tó lè jáde. Ọkùnrin tó fẹ́ yẹ́ ìyá sí ní láti bẹ ìyá ná! Ibẹ̀ ni ìbọ̀wọ̀ fún abiyamọ ti rí gbòǹgbò ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀sìn sì ni, kì í ṣe eré. Àwọn agbẹ́gilére kan náà tún gbẹ́ onílàwàní, ààfáà gidi, sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Wọ́n rí mùsùlùmí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé, wọ́n sì fún un ní ààyè nínú ijó.

Ẹ̀sìn ló bí ọ̀wọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti di ti gbogbo ilé. Ìdí tí kò fi já ni pé àwọn àgbà mọ ohun tó ṣe é yí padà àti ohun tí kò ṣe é yí padà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin mùsùlùmí kan lè sọ pé Ọlọ́run nìkan ni òun ń forí kanlẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í bá a jà. Á lóṣòó, tàbí kó tẹ̀ ba, á sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, bàbá," bàbá náà á sì súre fún un. Ọmọ ìjọ tó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe tirẹ̀ báyìí náà. Ohun tí àgbà kò ní gbà ni kí ọmọ gba iwájú òun kọjá bí ẹni pé kò rí èèyàn níbẹ̀. Bí ara ṣe ń tẹ̀ ṣe é jíròrò. Ìkíni fúnra rẹ̀ kò ní ìjíròrò.

Bó ṣe rí nídìí oúnjẹ náà nìyẹn. Bí ìdílé onígbàgbọ́ ní Ayétòrò bá fẹ́ ṣe òkú àgbà, ààfáà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè láti wá dúńbú màlúù. Á dé ní kùtùkùtù, á kọjú ẹran sí gábásì, á ṣe bísímílà, á fọ ọ̀bẹ, á sì gba ìpín tirẹ̀ lọ. Kò sí ìwàásù tó pa á láṣẹ fún wọn. Wọ́n kàn mọ̀ pé mùsùlùmí máa wà lára àwọn àlejò, kò sì bójú mu kí wọ́n pe èèyàn wá síbi tí kò ti ní lè jẹun.

Ìlú kan náà sì lè gba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ìjọ mọ́ra. Ní Ìmẹ̀kọ, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni wọ́n sin Samuel Bilewu Oshoffa sí, ẹni tó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti òní, ní 1947, tó sì kú ní 1985. Lóṣù Kejìlá ọdọọdún, àwọn aláṣọ funfun ń rọ́ dé láìwọ bàtà, láti ìhín àti láti òdìkejì ààlà.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló dùn báyìí. Ní Ṣágámù, lóṣù Keje 1999, wọ́n fẹ̀sùn kan obìnrin Haúsá kan pé ó jáde nígbà tí Orò, tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rí, wà níta. Wọ́n pa á, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì gbẹ̀san rẹ̀ lára Yorùbá ní Kánò. Àlejò gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ ìlú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onílé ló gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àlejò gbọ́ èèwọ̀ náà ní èdè tó yé e. Kò sì sí òrìṣà tí pípa àlejò ń bu ọlá fún.

Ẹ̀yin tó wà ní ẹkùn yìí kò ní láti lọ kọ́ bí ó ṣe ń rí láti di àlejò lẹ́yìn odi. Ní oṣù Kejì 2021, nígbà tí wàhálà darandaran àti àgbẹ̀ gbóná ní Àríwá Yewa, ọ̀pọ̀ ará abúlé sá kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ṣì wà ní títì nígbà yẹn. Àti oṣù Kẹjọ 2019 ni ìjọba ti tì í, oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Síbẹ̀, wọ́n ré ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 kọjá, wọ́n sì di àlejò lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ èdè wọn. Ẹni tó gbàlejò lánàá ló wá ń wá ibi tí yóò sùn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní fún ìlú. Ẹ̀yin abọrẹ̀, kí ọjọ́ Orò tó pé, ẹ kéde rẹ̀ lọ́jà, ní gáréèjì àti lórí rédíò, ní Yorùbá, Ègùn, Haúsá àti Fúlàní. Ẹ̀yin lèmọ́mù àti pásítọ̀, bí ẹ bá kọ́ ọmọ pé kó má dọ̀bálẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kúrò níwájú yín láìmọ bí yóò ṣe kí bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, àlejò tó bá wọlé lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé omi fún un kí ẹ tó bi í pé ẹ̀sìn wo ló ń ṣe.