Àdéhùn Kò Gbọdọ̀ Sùn Sínú Ìwé



Ọmọ tí a rán lọ kọ́ òfin ní Enugu, ní ọgbà Yunifásítì Nsukka tí ń bẹ níbẹ̀, padà wá jókòó tì wá ní 2022. Láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn olùkọ́ fi daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Kí ló fà á? Ní 2009, Ìjọba Àpapọ̀ àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, fọwọ́ sí àdéhùn lórí owó oṣù àti owó ìtọ́jú yunifásítì. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Nígbà tí ó fi di 2022, ọdún mẹ́tàlá ti kọjá, wọn kò sì tíì fọwọ́ sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìjọba sì dá owó oṣù àwọn olùkọ́ dúró.

Àwa tí ń tajà mọ̀ pé gbèsè tí a kọ sílẹ̀ tí a kò san, ìjà ni ń bí. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ wa bá bá onílé tàbí olọ́jà ṣàdéhùn, ẹ jẹ́ kí a dá ọjọ́ tí a ó tún un kà, kí a sì yan ẹni tí yóò rán wa létí kí ọjọ́ náà tó pé.