Bí A Bá Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Kí A Pààrọ̀ Ọ̀nà Epo Pẹ̀lú

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ọkọ̀ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù)

  

Nígbà tí Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú ni mo kọ́kọ́ rò láti sọ. Ṣùgbọ́n láàrin oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí, awakọ̀ mẹ́ta ti wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì rò. Lọ́rì Bedford àtijọ́ ni wọ́n ń wà, èyí tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí wọ́n yọ lára Mercedes 911 sí i. Ọkọ̀ ń kú lójú ọ̀nà. Wọ́n tì í, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n gun òkè, ó tún kú. Ọ̀gá ní wọn kò mọ ọkọ̀ wà ni. Ẹnì kan nínú wọn ti gba ìwé pé wọn yóò yọ owó pọ́ǹpù tí ó bàjẹ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí a gbé owó àjẹmọ́nú sílẹ̀ ná, kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ní ọdún 1999, ọmọ ọkọ̀ ni mo jẹ́ nínú irú lọ́rì bẹ́ẹ̀. Pákó ni a kó, à ń ti Iléṣà lọ sí Adó-Èkìtì. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìwárájà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé òkè ni, kọ́nà ni, kòtò jíjìn sì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a gun òkè náà dé ìdajì, ẹ́ńjìnnì wú húkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ọ̀gá mi tẹ bíréèkì, ó mú. Ọkọ̀ tún fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, bíréèkì le bí òkúta. Ó kígbe orúkọ mi. Mo bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì igi lọ́wọ́. Mo fi sí ẹ̀yìn táyà, táyà gùn ún kọjá. Mo tún fi sí i, ó tún ta á nù. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó dúró. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí a padà dé, ẹni tí ó ni ọkọ̀ sọ pé epo burúkú ni ọ̀gá mi rà, ó sì yọ owó rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí mẹkáníìkì kan tó rí àìsàn náà. Ọ́ọ̀sì rọ́bà tí ó ti wà lára táńkì láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti ń mu pẹtiróòlù ni ó ti gbó tí ó sì sán wẹ́wẹ́. Epo kò jò níbẹ̀ rárá. Ohun tí ó ya gbogbo wa lẹ́nu nìyí. Láti táńkì dé pọ́ǹpù kékeré tí ń fa epo, fífà ni ẹ́ńjìnnì ń fa. Bí ihò bá wà níbẹ̀, epo lè má kán sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí ó gbẹ lè jẹ́ ibi tí ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù àtijọ́ ní kabúrétọ̀. Àwo kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí epo ń dúró sí, bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá bá epo wá, ibẹ̀ ni yóò ti jáde, ọkọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Púlọ́ọ̀gì yóò sì ṣáná sí i. Dísẹ̀lì, tí àwọn àgbà awakọ̀ ń pè ní gáàsì, kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fún nínú sílíńdà títí yóò fi kéré dé nǹkan bí ìdá kan nínú 17, tí yóò sì gbóná gidigidi. Nígbà náà ni nọ́súùlù yóò fín epo sínú ooru yẹn, tí epo yóò gbiná fúnra rẹ̀. Agbára tí pọ́ǹpù ńlá fi ń ti epo náà lé ní 2,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Epo kì í ṣe ohun tí a lè fún kí ó kéré, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣe é fún bíi kànrìnkàn. Bí afẹ́fẹ́ bá dé inú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù yóò máa fún un lásán, nọ́súùlù kò ní ṣí, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú.

Ohun kejì ni ìdọ̀tí àti omi. Ọ̀pá inú pọ́ǹpù náà bá ihò rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan kò lè gba àárín wọn kọjá. Dísẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ń mú un yọ̀. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ìpẹtà ni yóò dá sílẹ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn kan ń pò mọ́ dísẹ̀lì kò ní ọ̀rá tó. Táńkì tí ó ti fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba pẹtiróòlù kún fún ìpẹtà, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì lè fara dà á. Ẹ wá fi pọ́ǹpù dísẹ̀lì sí i, ó parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì wá pé kí ẹ fi sínú ọkọ̀ pẹtiróòlù, iṣẹ́ kò tíì parí lọ́jọ́ tí ó bá dún. Ẹ máa ti ìdí táńkì bọ̀.

Èkíní, kí a sọ táńkì kalẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a yẹ inú rẹ̀ wò. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Táńkì tí a fi síńkì bò nínú kò dára fún dísẹ̀lì, nítorí dísẹ̀lì a máa bá síńkì náà jà, ohun kan bí ọṣẹ yóò sì jáde tí yóò dí asẹ́. Páìpù tí ń fa epo kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ táńkì, kí ó fi nǹkan bí ínṣì kan sílẹ̀ fún omi àti ìdọ̀tí, kí nọ́ọ̀tì tí a ó máa tú láti da omi náà nù sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ihò èémí tí ó wà lára ìdérí táńkì kò gbọdọ̀ dí.

Èkejì, páìpù. Páìpù tóóró tí ń bọ́ kabúrétọ̀ kò tó fún ẹ́ńjìnnì oní sílíńdà mẹ́fà. Kí a lo páìpù irin tí ó fẹ̀ tó 3/8 ínṣì. Ẹ má lo bàbà, nítorí ó ń mú kí dísẹ̀lì tètè bàjẹ́. Níbi tí ọ́ọ̀sì bá pọn dandan, kí ó jẹ́ èyí tí a ṣe fún epo, kí ó jẹ́ tuntun, kí a sì fi kílíìpù dè é. Wáyà tí a lọ́ mọ́ ọn kì í ṣe kílíìpù.

Ẹ̀kẹta, asẹ́ méjì. Ọ̀kan tí ń ya omi kúrò lára epo kí ó tó dé pọ́ǹpù kékeré, èkejì tí ojú rẹ̀ kúnná kí ó tó dé pọ́ǹpù ńlá.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà àbọ̀. Pẹtiróòlù ń lọ, kì í sábà padà. Dísẹ̀lì ń padà: èyí tí ó bá ṣẹ́kù lára pọ́ǹpù àti nọ́súùlù gbọ́dọ̀ ní páìpù tirẹ̀ tí yóò gbé e padà sínú táńkì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ páìpù tí ń fa epo kí iṣẹ́ lè yá. Afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó jáde yóò tún padà wọlé ni.

Ẹ̀karùn-ún ń lọ sọ́dọ̀ bíréèkì. Ọkọ̀ pẹtiróòlù tí bíréèkì rẹ̀ ń lo agbára fífà láti inú ẹ́ńjìnnì kò ní rí agbára yẹn gbà mọ́ lọ́dọ̀ dísẹ̀lì, àfi bí a bá fi pọ́ǹpù afàfẹ́fẹ́ tirẹ̀ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìwọ̀nba tí ó kù nínú àgbá rẹ̀ kò ju ìtẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Ìtẹ̀ kejì tí ó le bí òkúta lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mi lọ́jọ́sí nìyẹn. Ẹ rí i pé ọ́ọ̀sì epo tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lè gba bíréèkì lẹ́sẹ̀ awakọ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ̀, ẹ tú omi ìsàlẹ̀ asẹ́ dànù. Ẹ má jẹ́ kí táńkì gbẹ tán. Bí ẹ bá fẹ́ yọ afẹ́fẹ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì orí asẹ́, ẹ fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kékeré títí epo yóò fi jáde láìsí ìfóòfó, kí ẹ dè é, kí ẹ tó lọ sí ti pọ́ǹpù ńlá. Ẹ má fi ẹnu fa dísẹ̀lì mọ́. Bí ó bá gba ọ̀nà òfuurufú wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ẹ má sì gbé ọwọ́ síwájú nọ́súùlù tí ń fín epo. Ó lè gún awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ yóò kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà lè jẹrà bí ẹ kò bá sáré lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n fẹ́ yọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, ní abala 5, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó kúrò nínú owó iṣẹ́ àfi èyí tí òfin bá gbà láàyè. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, agbanisíṣẹ́ lè yọ ìwọ̀n tí ó tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́. Ẹ gbọ́ dáadáa: èmi kò sọ pé awakọ̀ kì í jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá ta epo ọkọ̀, tí ó sì fi kẹrosíìnì dípò rẹ̀, kí ó má pe aṣojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí ń mu epo nínú táńkì pẹtiróòlù, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó ṣẹ̀? Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra bàtà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Àbá tí mo gbé síwájú ìpàdé yìí kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa kọ ìwé sí àwọn alákòóso pé lọ́rì kankan tí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ẹrù títí mẹkáníìkì yóò fi fọwọ́ sí ìwé pé ohun márààrún tí mo kà wà ní pípé. Kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan máa kọ àléébù ọkọ̀ rẹ̀ sínú ìwé lálaalẹ́, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, èyí tí a bá kọ sílẹ̀ ni aṣojú fi ń jà. Kí a sì dúró ti arákùnrin wa tí ó gba ìwé, títí wọn yóò fi fà á padà.

Àìrìn pọ̀ ni ejò fi ń jẹ ìyà. Ọjọ́ tí mo ń fi wẹ́ẹ̀jì lé táyà lórí òkè yẹn, èmi àti ọ̀gá mi nìkan ni, a kò ní ẹgbẹ́. Ẹ̀yin ní.