Ìpín Owó Pọ́ọ́kú: Ọjà Rere Tàbí Tàkúté?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní bá wí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ìpín ìdókòwò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ṣíà. Bí owó ìpín ilé-iṣẹ́ kan bá wálẹ̀ gan-an, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ọjà rere ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́, tàbí tàkúté ni a fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa. Ẹni tí ó ra ìpín, apá kan nínú ilé-iṣẹ́ ni ó rà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá jèrè, tirẹ̀ wà níbẹ̀; bí ó bá wọ gbèsè, tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìpín kọ̀ọ̀kan: iye tí ọjà ń pè é, àti iye tí ó tó ní tòótọ́. Iye tí ọjà ń pè é lè yí padà láàárọ̀, kí ó tún yí padà lọ́sàn-án, nítorí pé ìbẹ̀rù àti ojúkòkòrò ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè, dúkìá àti gbèsè ni a fi ń wọn iye tí ó tó ní tòótọ́. Benjamin Graham, olùkọ́ ní yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí yékéyéké nínú ìwé tí òun àti David Dodd ṣe jáde ní ọdún 1934. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a má ra ìpín àfi bí owó rẹ̀ lọ́jà bá rẹlẹ̀ púpọ̀ ju iye tí ó tó lọ, kí àyè lè wà bí ìṣirò wa bá kùnà díẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Oǹdó àti Àkúrẹ́, nítorí pé kòkó ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó mọ kòkó rà kì í wo ojú àpò. Gírédà yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ la hóró rẹ̀ sí méjì, yóò sì wo inú rẹ̀: ṣé kò tíì bu, ṣé kòkòrò kò wọ̀ ọ́, ṣé wọ́n sá a gbẹ? Àpò méjì lè wà ní ìsọ̀ kan náà, kí a sì pe méjèèjì ní owó pọ́ọ́kú kan náà. Ọ̀bẹ ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́ ọjà nínú wọn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́jà ìpín Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ tí ó tó N25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 di 25. Àwọn báńkì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín fún aráàlú, olùkọ́ àti oníṣòwò sì ń fi owó ìfipamọ́ wọn rà á. Àwọn báńkì mìíràn tilẹ̀ ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n àpapọ̀ ọjà náà kọjá 66,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyí. Owó ìpín Zenith wálẹ̀, ti GTBank wálẹ̀, ti Afribank wálẹ̀, ti Bank PHB náà wálẹ̀. Ẹni tí ó bá wo owó nìkan yóò rò pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, ẹni tí ó gba ipò Soludo, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún: Afribank, Finbank, Intercontinental, Oceanic àti Union. Ó ṣàlàyé pé owó tí wọ́n yá jáde tí kò lè padà ti jẹ owó ìpìlẹ̀ wọn, àti pé lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń tọ Báńkì Àpapọ̀ lọ fún owó yíyá. Ní oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ náà kan Bank PHB àti Spring Bank pẹ̀lú.

Ọ̀bẹ ti la kòkó níṣojú gbogbo ayé. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń rà á, nítorí pé wọ́n rántí iye tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbà pé yóò padà síbẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank, wọ́n sì gbé iṣẹ́ wọn fún báńkì tuntun mẹ́ta: Mainstreet, Keystone àti Enterprise. Owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù. Ṣùgbọ́n ìpín àwọn tí ó ní ìpín di òfo. Zenith àti GTBank ń kọ́? Wọ́n dúró, wọ́n sì ń bá a lọ láti pín èrè. Sáà kan náà, ọjà kan náà, pọ́ọ́kú kan náà; inú wọn ni kò rí bákan náà.

Báwo wá ni a ó ṣe lo ọ̀bẹ tiwa? Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fẹ́ kí a máa bi ara wa.

Èkíní, kí ni ó mú owó náà wálẹ̀? Bí ìbẹ̀rù bá mú gbogbo ọjà wálẹ̀, ilé-iṣẹ́ rere lè bá wọn lọ láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá ń kú, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ìkẹjà ní ọdún 2008, nígbà tí ìnáwó iná mànàmáná àti táyà òkèèrè gbà á lọ́nà. Orúkọ ńlá kò lè ta táyà tí a kò ṣe.

Èkejì, ṣé èrè náà yóò máa bá a lọ? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ìpín kan ń mú èrè N2 wá lọ́dún, N8 ni a sì ń tà á. Ọdún mẹ́rin péré ni èrè náà yóò fi san owó wa padà. Ọjà rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí èrè náà bá ń dín sí ìdajì lọ́dọọdún, tí ó di N1, tí ó di 50 kọ́bọ̀, tí ó di 25 kọ́bọ̀, bí a kà á títí ayé, gbogbo èrè tí ń bọ̀ kò ní ju N2 lọ. N8 náà tí a pè ní pọ́ọ́kú, ọ̀wọ́n gógó ni.

Ẹ̀kẹta, ṣé dúkìá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ta ni kò mọ NIROWI ní Oǹdó, ilé-iṣẹ́ igi tí Nàìjíríà àti Romania jọ dá sílẹ̀? A kì í ta ìpín rẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni ó jẹ́ fún wa. Ilẹ̀ wà, ilé wà; síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi dákẹ́. Ilẹ̀ àti ilé tí kò mú owó wọlé kò lè bọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá fẹ́ tà á, ta ni yóò rà á? Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, òfin ọjà ìpín wa kò jẹ́ kí ìpín tí a kọ 50 kọ́bọ̀ sí lára rẹlẹ̀ ju 50 kọ́bọ̀ náà lọ. Ọ̀pọ̀ ìpín jókòó sórí 50 kọ́bọ̀ yìí fún ọdún gbọọrọ. Ojú aláìmọ̀kan rí i bí ohun tí kò lè wálẹ̀ mọ́. Kò mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò rà á ni. Nígbà tí wọ́n yí òfin náà padà, púpọ̀ nínú wọn tún já wálẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó tí à ń rí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe fi owó yíyá ra ìpín, ẹ má sì ṣe fi owó ilé-ìwé ọmọ rà á. Ẹ béèrè fún ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ kà á. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá gbé tirẹ̀ jáde lásìkò, ẹ yẹra fún un. Bí ẹ bá sì rí èyí tí inú rẹ̀ mọ́, tí ìbẹ̀rù lásán mú owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ rà á níwọ̀n, kí ẹ sì ní sùúrù. Ọjà lè pẹ́ kí ó tó rí ohun tí ọ̀bẹ yín ti rí.