Aràn wo ló wà nínú iṣu yìí? Ojú lásán kò lè sọ, DNA ló lè sọ ọ́



Ẹ wo iṣu tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ó lé kókó káàkiri ara bí ẹni tí ooru sú sí lára. Bí ẹ bá gbé e dé ọjà, oníbàárà yóò já owó rẹ̀ wálẹ̀ tàbí kó kọ̀ ọ́.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tó ṣe iṣu yìí wà nínú rẹ̀: aràn tín-ín-tín tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nematode. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, kò gùn tó ìdajì mìlímítà kan.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣu àgbáyé. Láti Benue dé Ghana àti Côte d'Ivoire, iṣu ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Wọ́n jọra bí ìbejì

Tipẹ́tipẹ́, ìlà tó wà ní ìdí abo aràn ni àwọn onímọ̀ ń fi microscope wò, bí ẹni ń wo ìtẹ̀ka. Ṣùgbọ́n Meloidogyne incognita, M. javanica àti M. arenaria, tí wọ́n wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru, jọra púpọ̀.

Kí ló kan àgbẹ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀pà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá gbin ẹ̀pà sí ilẹ̀ tí incognita wà, ebi yóò pa aràn náà, torí ẹ̀pà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà arenaria kan wà tó fẹ́ràn ẹ̀pà. Bó bá jẹ́ òun ló wà nílẹ̀, ẹ ti se àsè fún un nìyẹn.

Bí DNA ṣe ń sọ̀rọ̀

Lẹ́tà mẹ́rin la fi ń kọ DNA gbogbo ohun abẹ̀mí: A, C, G àti T. A ó mú aràn kan ṣoṣo, a ó fọ́ ọ sínú omi díẹ̀, a ó sì fi ẹ̀rọ PCR, irú èyí tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò Covid-19, sọ abala kan nínú DNA rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ̀rọ mìíràn yóò wá ka bí àwọn lẹ́tà náà ṣe tẹ̀léra, a ó sì fi wọ́n wé ti àwọn aràn yòókù. Àwọn tí lẹ́tà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ra jù.

Ní 1998, àwọn olùwádìí fi irú aràn 53 wé ara wọn báyìí. Wọ́n rí i pé ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni aràn kọ́ bí a ṣe ń jẹ irúgbìn. Àwọn olè náà kì í ṣe ọmọ ilé kan náà.

DNA náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sún mọ́ra débi pé abala kan lè má fi ìyàtọ̀ wọn hàn. A ní láti mọ abala tó yẹ ká kà.

Orúkọ méjì, aràn kan

Ní 1983, wọ́n sọ aràn kan tí wọ́n rí lára igi ní erékùṣù Hainan, ní China, ní Meloidogyne enterolobii. Ní 1988, wọ́n sọ òmíràn tí wọ́n rí ní Puerto Rico ní M. mayaguensis. Nígbà tí wọ́n ka DNA wọn, aràn kan náà ni!

Aràn yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgbẹ̀. Irú tòmátì kan wà tí wọ́n ń tà pé aràn kì í mú. Lóòótọ́, ó ń dènà incognita, javanica àti arenaria, àmọ́ enterolobii máa ń jẹ ẹ́ láìwẹ̀yìn. Tí ẹ bá wo enterolobii láwòfín, ẹ lè pè é ní incognita, kí ẹ sì ná owó yín sórí irúgbìn tí kò ní gbà yín.

Ní 2016, àwọn olùwádìí kéde pé wọ́n ti rí i nínú iṣu funfun ní Nàìjíríà.

Kí ni ká ṣe?

Èbù ni aràn ń wọ̀ bí ọkọ̀ láti oko dé oko, tó sì ń bá a kọjá ẹnubodè. Ẹ má gbin èbù tó lé kókó, ẹ má sì fún aládùúgbò. Kí ẹ tó ra irúgbìn tí wọ́n ní aràn kì í mú, ẹ bi wọ́n léèrè: aràn wo? Ẹ̀yin ìjọba, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò DNA dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pèsè èbù fún títà.

Iṣu ọwọ́ mi yìí ńkọ́? Kókó ara rẹ̀ kò lè sọ orúkọ aràn tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Bí mo bá kúrò níbí, yàrá àyẹ̀wò ni mo ń gbé e lọ.