Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Ọkọ̀ Ogun?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Akówọnjọ, Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀ lónìí: kí ló ń mú ìjọba alágbára sọdá òkun lọ bá onílùú jà nílùú rẹ̀, ǹjẹ́ irú ogun bẹ́ẹ̀ sì máa ń yọrí sí rere fún ẹni tó gbé e lọ? Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ yìí, Baghdad àti Kabul ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ. Èkó náà ti rí irú ogun bẹ́ẹ̀, ilé ló sì yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yí ẹnu àgbá sí ìlú Èkó. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù tó ṣáájú ni wọ́n kọ́kọ́ wá, àwọn jagunjagun Ọba Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbára dì dáadáa. Síbẹ̀, Kòsọ́kọ́ ti to àgbá tirẹ̀ sí etí omi. Ọkọ̀ Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, Gẹ̀ẹ́sì sì pàdánù èèyàn kí ìjà tó rọlẹ̀. Nítorí ìró àgbá ọjọ́ náà, Ogun Àgìdìngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti kó kúrò nílùú, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì wá fi ṣe ibùjókòó.

Ohun tí ìjọba London sọ ní gbangba ni pé òwò ẹrú làwọn wá pa rẹ́. Irọ́ kọ́. Láti 1807 ni òfin wọn ti ka òwò náà léèwọ̀, ọkọ̀ wọn sì ti ń ṣọ́ etíkun láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ nìkan kọ́ ló ń ta ẹrú. Ìdílé ọba Èkó lápapọ̀ ti jẹ nínú òwò náà, títí kan Akítóyè, ọba àná tí wọ́n fẹ́ dá padà sórí ìtẹ́. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó ṣèlérí láti jáwọ́.

Ìdí kejì kò hàn tó ti àkọ́kọ́: epo pupa. Àwọn tó ń se ọṣẹ àti àwọn tó ní ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀ púpọ̀, ẹni tó bá sì di ẹnu ọ̀sà Èkó mú ló di ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn mú.

Ìdí kẹta ló ṣe kókó jù, òun sì ni àwọn òpìtàn alárìnnà máa ń fò dá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló ké sí Gẹ̀ẹ́sì. Kòsọ́kọ́ ti lé Akítóyè kúrò lórí ìtẹ́ ní 1845, ọba náà sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ John Beecroft, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Fernando Po. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, tó wà ní Abẹ́òkúta fẹ́ kí ọ̀nà òkun ṣí. Ní oṣù Kẹta 1851, Dahomey ṣígun sí Abẹ́òkúta, ìyẹn sì mú kí wọ́n túbọ̀ máa wá ìrànlọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún kan náà, Samuel Àjàyí Crowther, míṣọ́nnárì ọmọ Yorùbá, lọ sí London, ó rí Palmerston tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì rí Ọbabìnrin Victoria. Ẹ̀yìn Akítóyè ni Ẹfúnróyè Tinúbú, gbajúmọ̀ oníṣòwò, náà wà pẹ̀lú owó rẹ̀. Kálukú ló ní ohun tó ń wá. Gẹ̀ẹ́sì kò fo ìgànná wọlé. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ wo ohun tó dé bá àwọn tó ṣílẹ̀kùn. Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, ó sì wàjà ní oṣù Kẹsàn-án 1853. Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Benjamin Campbell, kọ́ńsù tuntun, ló ń ṣẹ nílùú. Ní 1856, Campbell yìí ló jẹ́ kí wọ́n lé Tinúbú kúrò ní Èkó. Nígbà tó di 1861, ọkọ̀ ogun Prometheus dúró sínú ọ̀sà pẹ̀lú àgbá rẹ̀, Dòsùnmú sì tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ pé òun gbé Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún ni wọ́n ṣèlérí fún un. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Kòsọ́kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yìnbọn padà wọ Èkó wọ́ọ́rọ́wọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń fún un lówó ìfẹ̀yìntì.

Èbúté àti erékùṣù Èkó ni ìwé 1861 dárúkọ. Kò dárúkọ ilẹ̀ Àwórì tí Akówọnjọ wà yìí, ṣùgbọ́n àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ràn dé ibẹ̀ nígbà tó yá. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì fà lẹ́yìn náà ló fà á tí Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀ fi wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967.

Ṣé ogun 1851 yọrí sí rere? Tó bá jẹ́ ti òwò ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni: ó kú ní Èkó. Tó bá jẹ́ ti Akítóyè, ọdún méjì kò pé tó fi jẹ èrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní ọba kan làwọn wá ràn lọ́wọ́ kò kúrò títí di 1960.

Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi wé Kabul. Ní 1839, nígbà tí Palmerston yìí kan náà wà nípò, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti India wọ Afghanistan, wọ́n sì dá Shah Shuja padà sórí ìtẹ́, ọba tí wọ́n ti lé kúrò ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n wá lò ní Èkó. Ní 1841, ní Afghanistan, wọ́n dín owó tí wọ́n ń fún àwọn olórí tó ń ṣọ́ ọ̀nà orí òkè kù. Ọ̀nà dí, ìlú dìde. Ní oṣù Kìíní 1842, nǹkan bí 4,500 ọmọ ogun àti 12,000 èrò ẹ̀yìn wọn jáde ní Kabul. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yè é. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa Shah Shuja.

Owó ló mú ìyàtọ̀ wá, ọ̀nà sì ni ìkejì. Kabul ń jẹ owó India láìpa ohunkóhun wọlé, orí òkè ló sì wà. Èkó ń bọ́ ara rẹ̀: owó ibodè lórí ọjà ló ń san owó iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ ogun sì lè dé iwájú ààfin. Gẹ̀ẹ́sì tún fi ọba àti ìjòyè sílẹ̀ kí wọ́n máa bá òun ṣàkóso.

Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n gbé lọ sí Ìjẹ̀bú. Àwọn Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà láàárín Èkó àti òkè, àwọn ló sì ń gba owó ibodè. Ní oṣù Kìíní 1892, aṣojú wọn gbà níwájú Carter, Gómìnà Èkó, pé ọ̀nà yóò ṣí, Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san £500 lọ́dún. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú wá dí míṣọ́nnárì kan lọ́nà, Gẹ̀ẹ́sì rí ẹ̀sùn tó ń wá. Ní oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun tí kò tó 500, tí Hausa pọ̀ láàárín wọn, gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ìbọn Maxim ló parí ìjà ní Ìmàgbọ̀n, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́ sọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 20.

Àmọ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí owó ọjà tó bọ́ sórí owó orí, nǹkan yí padà. Ní 1918, wọ́n bu owó orí lé àwọn Ẹ̀gbá, Ogun Adùbí sì bẹ́ sílẹ̀. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni wọ́n fi paná ọ̀tẹ̀ náà.

Ìtàn yìí kò tíì di àtijọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Amẹ́ríkà fi gba Baghdad ní 2003. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, wọ́n tú ẹgbẹ́ ológun Iraq ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó mọ ìbọn lò sì di aláìníṣẹ́. Ní 2014, ìlú Mosul ní Iraq bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISIS. Amẹ́ríkà lo ogún ọdún ní Afghanistan, láti 2001 sí 2021. Àwọn Taliban tí wọ́n lé kúrò ló sì gba Kabul padà.

Nàìjíríà náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1990, ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ ogun Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Monrovia, olú-ìlú Liberia, kí Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, má bàa gba ìlú. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó dé ìdajì, Prince Johnson, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn, mú Ààrẹ Doe ti Liberia ní ibùdó ECOMOG gan-an, wọ́n sì pa á. Ní 1997, Taylor yìí kan náà wọlé ìbò, ó di ààrẹ. Síbẹ̀, ECOMOG kò jẹ́ kí Monrovia di ti Taylor nípa ìbọn, ọ̀pọ̀ ará Liberia sì rí ibi sá sí lábẹ́ àbò wọn. Nígbà tí ọmọ ogun ECOWAS wọ Gambia ní 2017, wẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ parí: Adama Barrow ti borí ìbò, àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mélòó kan péré ni Ààrẹ Yahya Jammeh tí kò fẹ́ kúrò fi kẹ́rù.

Ti Niger yàtọ̀. Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 2023, ECOWAS sì fún wọn ní ọjọ́ méje kí wọ́n dá a padà sípò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ogun lè wáyé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Abuja ní kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ ẹnu dípò ìbọn. Àwọn ìpínlẹ̀ àríwá Nàìjíríà tó bá Niger pààlà ni ìbá sì kọ́kọ́ jìyà ogun náà. Ogun kò wáyé. Ní oṣù Kìíní 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso kéde pé àwọn ń kúrò nínú ECOWAS. Bí a bá fẹ́ ṣírò ohun tí ogun 1990 ná Nàìjíríà, ó yẹ kí a ṣírò ohun tí ogun tí a kò jà ní 2023 náà ná wa, kí a sì fi ìṣirò méjèèjì síwájú àwọn aṣòfin kí wọ́n tó tún jókòó lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.