Ọkọ̀ Tí Ń Gbọ̀n Lórí Eré

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ rárá ni mo ń wí, bí kò ṣe èyí tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu láàrin ìgboro, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, tí eré rẹ̀ tó kìlómítà 80 tàbí 90 ní wákàtí kan, gbígbọ̀n ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 127. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ọkọ̀ wọn ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà dé òpin, tí wọn yóò sì máa sọ pé, “Bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn.” Àwọn mìíràn a gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọn a pààrọ̀ èyí lónìí, wọn a pààrọ̀ ìyẹn lọ́la. Owó a tán, gbígbọ̀n kò ní tán. Àwọn àgbà wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ọkọ̀ náà léèrè ohun tó ń ṣe é.

Ẹ lè wí pé, kí ló dé tí kì í gbọ̀n nígbà tí a bá rọra ń lọ? Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí eré bá tó kìlómítà 100, táyà ọkọ̀ kékeré a máa yí tó ìgbà 15 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí etí rìmù bá fi gíráàmù 30 péré wúwo ní apá kan ju apá kejì lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn yóò máa fa táyà bí ẹrù kílò 5. Ní kìlómítà 50, kò ní tó kílò kan àbọ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà a di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà mìíràn, bí ẹ bá tún sáré sí i, gbígbọ̀n náà a rọlẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó ti sàn.

Ohun tó lè pa ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí gbígbọ̀n náà bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tàbí tí ó ń le sí i, tàbí tí ó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táyà ni, ẹ rọra dín eré kù, kí ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi sípánà dán gbogbo nọ́ọ̀tù wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú àti ọwọ́ wá ara táyà kiri. Bí ẹ bá rí ibi tó wú bí eéwo, okùn inú táyà náà ti já tàbí ó ti ṣí nìyẹn. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kò ní ìwòsàn. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀.

Bí èyí kò bá sí, ẹ wá béèrè ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní: níbo ni ẹ ti ń mọ̀ ọ́n lára? Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi di sítíárìn mú ni, táyà iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Èkejì: ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni? Dísìkì bíréèkì tí kò nípọn dọ́gba mọ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta: ṣé ìgbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn ni, tí ó sì ń dẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò? Ẹ wo ṣáàfù tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀kẹrin: ṣé ó ń gbọ̀n bí ẹ bá tẹ iná nígbà tí ọkọ̀ dúró? Ẹ́ńjìnnì tàbí ẹ́ńjìnnì síìtì ni kí ẹ bá wí, ẹ fi táyà sílẹ̀.

Bí ẹ̀rí bá tọ́ka sí táyà, ẹ ní kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ inú rìmù kúrò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ bálánsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe méjì iwájú nìkan. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí i. Rìmù tí kòtò ti tẹ̀ yóò máa jó sọ́tùn-ún sósì, òjé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò sì lè tọ́ ọ. Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn, kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Bí gbígbọ̀n bá kúrò lọ́wọ́, tó bọ́ sí ìjókòó, ẹ ti mú olè náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta aláímẹ́ǹtì fún yín dípò bálánsì. Aláímẹ́ǹtì wà fún ọkọ̀ tó ń fà sí apá kan, tàbí táyà tó ń jẹ lápá kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra táyà tókúnbọ̀, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é. Bí ó tilẹ̀ ń dán, ó ti gbó.

Nígbà tí ẹ bá ń dán ọkọ̀ wò, ẹ má ṣe kọjá kìlómítà 100 tí òfin fi lélẹ̀ fún ọkọ̀ ilé lórí ọ̀nà márosẹ̀. Iye owó táyà kan lè dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kò mọ ohun tí sítíárìn ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ dì í mú nìkan ló ń gbọ́ ọ. Ó dìgbà kan ná.