Egungun Ti San, Ọkàn Ńkọ́?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá àti ìlera. Ọ̀rọ̀ orúnkún mi ni mo máa sọ, torí ẹ ti ń bi mí léèrè ìdí tí mi ò fi bá yín gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, mo gbọ́ tí nǹkan dún "pó" nínú orúnkún mi. Kó tó dalẹ́, ó ti wú bí àgbọn. Mo fi àbónìkí ra á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò dùn mí mọ́, ni mo bá padà sórí pápá. Bí mo ṣe ní kí n yà báyìí, orúnkún yẹ̀, mo tún balẹ̀ gbì! Iṣan tó so egungun itan mọ́ ti ojúgun ló ti já. Bí irú iṣan yẹn bá já, èèyàn lè máa rìn dáadáa lójú títì; ìgbà tó bá fẹ́ yí bìrí ni àṣírí máa tú. Ẹ jọ̀ọ́, orúnkún tó bá wú lọ́jọ́ tó fara pa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ o. Ẹ fi áìsì lé e, kí ẹ wá dókítà egungun lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, oṣù 9 ni mo sì fi ń ṣe eré tí wọ́n fi ń tún ẹsẹ̀ ṣe. Dókítà ní ó ti jinná. Àmọ́ ní Bọ́ládé wa níbí, tí èrò bá ké "Ó wà o!", tí dánfó ò dúró tán, àwọn ìyá àgbà á ti sọ̀ kalẹ̀, èmi á ṣì di ilẹ̀kùn mú gbọin-gbọin. Èébú tí kọ̀ndọ́ máa ń bú mi, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀!

Ẹ wo Victor Osimhen, ọmọ Olúsosùn tó ti ta omi rí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2021, òun àti Škriniar ti Inter forí gbárí ní Milan, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti ẹ̀bá ojú rẹ̀ fọ́. Napoli ní yóò tó 90 ọjọ́ kó tó padà. Kò tíì pé oṣù méjì tó ti padà, ó fi ìbòjú bojú. Egungun san tán, kò bọ́ ọ. Ìbòjú yẹn ló wà lójú rẹ̀ tó fi ju góòlù 26 sáwọ̀n nínú líìgì 2022/23, tí Napoli gba ife líìgì lẹ́yìn ọdún 33, tí òun náà sì di agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù ní Áfíríkà lọ́dún 2023. Àwọn kan ń fi ìbòjú yẹn ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wá nǹkan tó máa fi gbá bọ́ọ̀lù. Èmi jókòó ọdún méjì, mò ń purọ́ fún yín pé iṣẹ́ pọ̀.

Tí a bá fẹ́ kojú àwọn ọmọ ilé-ìwé nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ fi orúkọ mi sí i. Mo ti ra nǹkan tí wọ́n fi ń de orúnkún. Ìṣẹ́jú 10 péré ni o, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo pé kí n sáré.